Fáyà ẹstíńgúíṣà wo ni kí n rà sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lábẹ́ ilé tí à ń gbé?

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ n'Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì kan la kọ́, ṣọ́ọ̀bù méjì ló wà nísàlẹ̀. Èmi ń ta léèsì àti àǹkárá nínú ọ̀kan, obìnrin kan háyà èkejì, àkàrà àti dùndún ló ń dín níbẹ̀. Òkè làwa ń gbé, èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi. Àtẹ̀gùn kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, abẹ́ ẹ̀ la gbé ínfátà sí. Ọkùnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù wá sádùúgbò wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òfin ti dé pé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fáyà ẹstíńgúíṣà oní páúdà kílò mẹ́sàn-án, pé kí n ra mẹ́rin, kí n tún ra bọ́ọ̀lù kan báyìí tí wọ́n máa ń jù sínú iná, pé tí mo bá ti ní i, ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi ní owó ọ̀hún pọ̀ jù, pé a ní tánkì omi lórí ilé, pé a ò tiẹ̀ ní ríjà iná lágbára Ọlọ́run. Ẹstíńgúíṣà àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tá a ti kọ́lé, ṣé ó ṣì dáa? Kí gan-an ni kí n rà, ibo ni kí n fi sí?"

Àmín sí àdúrà ọkọ yín, àdúrà tí gbogbo wa ń gbà náà nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí nínú ìwé yín kí n tó dáhùn ohun tẹ́ ẹ bi mí. Iye ẹstíńgúíṣà lẹ bi mí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á, ohun tó gba ọkàn mi ni pé èèyàn mẹ́fà ló ń sùn lókè yẹn, ìyá àgbà wà nínú wọn, léèsì àti òróró gbígbóná ló wà lábẹ́ wọn, ojú ọ̀nà kan péré ni wọ́n lè gbà sọ̀kalẹ̀, abẹ́ ojú ọ̀nà yẹn náà lẹ wá lọ kó bátìrì sí. Ká tiẹ̀ to ẹstíńgúíṣà ogún sínú ṣọ́ọ̀bù, tí iná bá ràn láago méjì òru, ta ló máa lọ gbé e? Ṣọ́ọ̀bù ti tì, àgádágodo wà lẹ́nu ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì yín lókè. Ẹ má bínú, màá dáhùn ìbéèrè yín tán, ṣùgbọ́n ibòmíì ni mo fẹ́ gbà débẹ̀.

Èéfín ló ń pa èèyàn ju ọwọ́ iná lọ. Ọ̀pọ̀ tó bá kú sínú ilé tó jó, iná gan-an ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn kí èéfín tó ti mú wọn. Fóòmù inú àga, léèsì, ike ara wáyà, bí wọ́n bá ti ń jó, èéfín dúdú kíki ló ń jáde lára wọn, afẹ́fẹ́ olóró kan sì wà nínú èéfín yẹn tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ara èèyàn á kàn rọ ni, ẹni tó ń sùn á wá sùn wọra sí i. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé oorun àwọn fúyẹ́, pé tí nǹkan bá ń jó àwọn máa gbóòórùn ẹ, mo máa ń sọ fún wọn pé etí lèèyàn fi ń jí, imú kì í jíni bẹ́ẹ̀. Èéfín gbóná, òkè ló máa ń lọ, nínú ilé bíi tiyín, ojú àtẹ̀gùn yẹn ló máa gbà, tó bá fi máa di pé ẹ ṣílẹ̀kùn òkè, ẹ ò ní rí àtẹ̀gùn gan-an mọ́. Ẹ rántí ilé ńlá kan tó jó ní Broad Street, ní Lagos Island, ní September 2025. Ohun táwọn panápaná Èkó sọ ni pé inú yàrá ínfátà nísàlẹ̀ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, èéfín ló gòkè lọ bá àwọn tó wà nídìí iṣẹ́, àwọn kan ń fọ́ wíńdò kí wọ́n lè mí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọ̀sán gangan ni o, gbogbo wọn lajú sílẹ̀.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ owó kan péré lẹ ní, ẹ má tíì fi ra ẹstíńgúíṣà, ìyẹn sìlíńdà pupa tó ń paná, àlámù èéfín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Nǹkan kékeré bí àwo ọbẹ̀ báyìí ni, bátìrì ló ń lò, wọ́n á kàn án mọ́ àjà. Ẹ wá èyí tó lè bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ láìlo wáyà, ẹ fi ọ̀kan sínú ṣọ́ọ̀bù léèsì, ọ̀kan sójú àtẹ̀gùn lókè, ọ̀kan sí kọ́rídọ̀ tó kọjú sí yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá ti rí èéfín, gbogbo wọn á jọ máa ké lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn gan-an ni mo ń bá yín wá. Tẹ́ ẹ bá ra èyí tó ń dá ké, ti ṣọ́ọ̀bù lè ké títí ilẹ̀ á fi mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lókè gbọ́. Ti ìyá alákàrà yàtọ̀ o, tẹ́ ẹ bá fi àlámù èéfín síbẹ̀ á máa ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi yọ bátìrì ẹ̀ fi sínú tọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń mọ̀ ọ́n lára tí ooru bá pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ fi sọ́dọ̀ rẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà níwájú ẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù ó kéré tán, kẹ́ ẹ gbọ́ igbe ẹ̀. Àlámù ọ̀hún ní ọjọ́ orí, ó pẹ́ tán ọdún mẹ́wàá, wọ́n máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Tó bá ń ké pín-ín pín-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló fẹ́ kú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà, ẹ pè wọ́n lórí fídíò, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń ké lẹ́yìn wọn, ó ti mọ́ wọn lára.

Lẹ́yìn àlámù, ó kan ibi tí ẹ máa gbà jáde. Ẹ ò sọ fún mi ṣùgbọ́n mo mọ ilé wa, gbogbo wíńdò òkè yẹn ló máa ní irin bọ́gílárì tí wọ́n jó mọ́ ara ògiri pinpin, géètì irin tún wà lẹ́nu àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ máa ń fi àgádágodo tì lálẹ́. Mo mọ̀dí ẹ̀, olè ń bẹ, mi ò ní ní kẹ́ ẹ yọ irin. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ pe wẹ́dà, kó gé irin wíńdò kan ní yàrá àwọn ọmọ àti ọ̀kan ní pálọ̀ níwájú, kó fi híńjì sí i kó lè ṣí láti inú, kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kọ́ sára ìṣó nítòsí ibẹ̀, níbi tọ́wọ́ ẹni tó wà níta ò ti lè tó o. Kọ́kọ́rọ́ géètì náà, ìṣó kan péré ni kó máa wà, kó má ṣe wà lábẹ́ ìrọ̀rí dádì lónìí kó wà lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́la. Ẹ kó àwọn ọmọ jọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ paná, ẹ ní kí wọ́n wá a nínú òkùnkùn, ẹ máa rí i pé eré ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ṣe, kò burú. Láti òkè kan sílẹ̀, àgbàlagbà lè di ojú wíńdò mú kó na ara ẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó já, ó lè ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ o, mi ò purọ́ fún yín, ìyá àgbà ò sì lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí yàrá ìyá jẹ́ èyí tó súnmọ́ báákóníì jù, níbi tí wọ́n ti lè gba atẹ́gùn títí àwọn tó ní àkàsọ̀ á fi dé. Ẹ máa ti ilẹ̀kùn yàrá kẹ́ ẹ tó sùn pẹ̀lú, ilẹ̀kùn lásán tó bá pàdé dáadáa ń dá èéfín dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìṣẹ́jú yẹn sì lè tó ẹ gbé ọmọ.

Ó ti wá kan sìlíńdà pupa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọkùnrin oníyunifọ́ọ̀mù yẹn. Àwọn panápaná tòótọ́ máa ń yẹ ilé wò, wọ́n sì máa ń fúnni níwèé, ọ́fíìsì wọn ò lè sá, ẹ lọ béèrè níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé òfin lọ́wọ́ ọ̀tún tó gbé ọjà lọ́wọ́ òsì, ọjà ló wá tà. Mi ò mọ òfin kankan tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kékeré gbọ́dọ̀ ní kílò mẹ́sàn-án mẹ́rin. Mẹ́sàn-án gan-an wúwo, kílò mẹ́sàn-án yẹn páúdà nìkan ni, irin tó wà lára ẹ̀ ò tíì sí níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ó tó ohun tí ọmọbìnrin tó ń bá yín tajà ò ní lè gbé sáré.

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó tán. Oní páúdà kílò mẹ́fà, tẹ́ ẹ bá tẹ ọwọ́ ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ló ti tán. Oní kílò kan tí wọ́n ń fi sínú mọ́tò ò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, iná tó tó bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí, iná ara sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná tó bá ti ga jù yín lọ, tó ti kan àjà, tàbí tí ẹ ò rí ibi tó ti ń jáde nítorí èéfín, ẹ fi ẹstíńgúíṣà sílẹ̀ ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì máa lò ó, ẹ̀yìn yín gbọ́dọ̀ wà lápá ẹnu ọ̀nà, ẹ yọ píìnì, ẹ na ẹnu hóòsì sí ìdí iná, kì í ṣe sí ahọ́n iná tó ń jó lókè, ẹ tẹ ọwọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbá a sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lò ó nígbà àkọ́kọ́ ahọ́n iná ni wọ́n ń fọ́n ọn sí, gbogbo ẹ̀ á tán, iná á sì wà níbẹ̀.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ rà? Oní páúdà ló pọ̀ lọ́jà wa torí pé owó ẹ̀ kéré díẹ̀ sí tàwọn yòókù, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí igi, aṣọ, epo bẹntiróòlù, gáàsì, iná mànàmáná. Àléébù ẹ̀ ni pé nínú ṣọ́ọ̀bù tó há, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo ibẹ̀ á funfun báláú, ẹ ò ní ríran, ẹ ó máa wúkọ́, ẹ lè má rí ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọlé. Ní Britain, ìlànà wọn ti pẹ́ tó ti ń sọ pé kí wọ́n yẹra fún oní páúdà nínú ilé tí ìdí pàtàkì kan ò bá sí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí náà ni. Ìkejì, páúdà kì í mú nǹkan tutù. Aṣọ tí wọ́n ká jọ bí tiyín, iná máa ń wọ inú ẹ̀ lọ sápamọ́, òkè á kú, inú á ṣì máa rú, lẹ́yìn ìdajì wákàtí ẹ tún rí i tó gbiná padà. Ìkẹta, páúdà yẹn ba léèsì jẹ́. Fún ọjà tiyín, oní fóòmù lítà mẹ́sàn-án tàbí mẹ́fà ni mo fara mọ́, èyí tó ń hó bí ọṣẹ, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó ń tutù wọnú aṣọ, ìlà tí wọ́n fi sára ẹ̀ máa ń jẹ́ àwọ̀ mílíìkì. Ẹ ti bíréékà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó, omi ni o. Kẹ́ ẹ wá fi CO2 oní kílò méjì kan tì í, ìyẹn èyí tó jẹ́ gáàsì kábọ́nì dáyọ́ksáìdì ló wà nínú ẹ̀, tí ìlà dúdú wà lára ẹ̀, fún mítà, fáànù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kì í fi ìdọ̀tí kankan sílẹ̀. CO2 ò dáa fún aṣọ lásán, tó bá ti fẹ́ tán ooru tó wà nínú aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ gbá ẹnu gọngọ rẹ̀ mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, òtútù ẹ̀ ń bó awọ ọwọ́ bí iná, ẹ má sì dúró pẹ́ nínú yàrá kótópó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lò ó, ó ti lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde. Tí owó ò bá tó méjèèjì tẹ́ ẹ sì rí oní páúdà kílò mẹ́fà kan tó jẹ́ ojúlówó, ẹ rà á, ó sàn ju ọwọ́ òfo lọ. Ẹ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà níbi tọ́wọ́ á ti tètè tó o, kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, torí ẹni tó bá rí iná, ẹnu ọ̀nà ló ń sá lọ.

Ti ìyá alákàrà ló le jù. Òróró tó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ máa ń dá gbiná fúnra ẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Ohun tó máa ń sọ síni lọ́kàn lójú ẹsẹ̀ ni omi, omi yẹn ló ń pani. Omi wúwo ju òróró, ìsàlẹ̀ agbada ló ń rì lọ, ooru ibẹ̀ á sọ ọ́ di stíìmù, irú èyí tó ń rú jáde lẹ́nu ìkòkò, lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó bá sì di stíìmù á fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700, á gbé òróró tó ń jó fò dé àjà, sára ẹni tó da omi. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ má ṣí i wò títí á fi tutù pátápátá. Alákàrà kan tí mo mọ̀ gé páànù nípọn kan tó fẹ̀ ju ẹnu agbada lọ, ó jó ọwọ́ gígùn mọ́ ọn, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nǹkan tó ṣe yẹn wú mi lórí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lọ. Búláńkẹ́ẹ̀tì ìpaná tó wà lọ́jà dáa, mítà kan níbùú lóròó, ẹ ra ọ̀kan sí kíṣìnnì tiyín lókè, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, má ṣe gbé e kọ́ sókè gáàsì gan-an níbi tí ẹ máa na ọwọ́ kọjá lórí iná kẹ́ ẹ tó mú un. Ìkòkò ilé ló wà fún o, agbada ńlá alákàrà, mi ò ní sọ pé ó tó. Ẹstíńgúíṣà kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún òróró, ìlà àwọ̀ yẹ́lò ló wà lára ẹ̀, àmọ́ kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa ó sì gbówó lórí. CO2 àti páúdà ò bá òróró agbada mu, agbára tí wọ́n fi ń jáde lè ta òróró ká, òróró tó ṣì gbóná á sì tún gbiná.

Ẹ sọ fún ìyá yẹn pẹ̀lú pé kí sìlíńdà gáàsì máa wà níta, kó gba hóòsì wọlé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn ó lè gba gọ́tà títí á fi kan iná níbòmíì. Ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ sínú omi díẹ̀ kó hó, ẹ fi kànrìnkàn fà á yí ojú tí rẹgulétọ̀ ti wọ sìlíńdà àti ìdí hóòsì méjèèjì, kẹ́ ẹ ṣí gáàsì láìṣáná. Ẹ tẹjú mọ́ ọn. Tí ibì kan bá ń wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, tó ń bẹ́, tó tún ń wú, gáàsì ń jò níbẹ̀ nìyẹn, ẹ pa á. Hóòsì tó bá ti le gbagidi tàbí tó ti ń sán, ẹ má fi sẹlótéèpù dì í, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí òórùn gáàsì bá ti gba ilé, ẹ má tan iná, ẹ má sì paná tó ti wà ní títàn, síwíìsì náà lè ta iná pàrà, ẹ ṣílẹ̀kùn àti wíńdò, ẹ jáde.

Ọkọ yín ò jẹ̀bi lórí tánkì omi o, ẹ má fi èmi dá ìjà sílẹ̀. Omi wúlò fún aṣọ, ìwé, igi, mátíráàsì, hóòsì tẹ́ ẹ fi ń fọ mọ́tò tó bá gùn dé iwájú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fi há ẹnu ẹ̀rọ omi títí ayé, ẹ̀rọ ìpaná gidi ni. Ohun tí ò ṣeé fi ṣe ni òróró, epo bẹntiróòlù, àti iná mànàmáná tí ẹ ò tíì pa. Tẹ́ ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn méjì sítòsí ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé epo, yanrìn á mu epo tó bá dànù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tutù kẹ́ ẹ tó rọ epo sí i. Kẹ́ẹ̀gì epo tẹ́ ẹ gbé pamọ́ sábẹ́ káńtà nítorí ọjọ́ tí epo bá wọ́n, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹ gbé e kúrò nínú ilé.

Bọ́ọ̀lù yẹn, kì í ṣe ayédèrú lásán, páúdà ló wà nínú ẹ̀, tí ahọ́n iná bá kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan á bú gbàmù, páúdà á fọ́n ká. Ibi tí mo ti rí i pé ó wúlò ni kéèjì jẹnẹrétọ̀ tàbí àpótí tó há, tí wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ nígbà tí kò séèyàn. Nínú ṣọ́ọ̀bù gbalasa, kò ní àdírẹ́sì, ibi tó bá ṣubú sí ló ń pa. Ẹni tó ní òun nìkan ti tó, ẹ má dá a lóhùn.

Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ gbé e jáde síta níbi tí oòrùn wà. Kọ́kọ́ wo géèjì, gíláàsì róbótó kan ni, tí abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ bá wà lójú àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ tó ń ti ohun inú ẹ̀ jáde ṣì wà, tó bá wà lápá pupa ó ti jò. CO2 kì í ní géèjì, wọ́n máa ń gbé e sórí ìwọ̀n ni. Ẹ wo píìnì àti ike tó dì í bóyá ẹnì kan ti fà á rí, torí ẹstíńgúíṣà tí wọ́n bá tẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré máa ń rọra jò títí á fi tán, ó gbọ́dọ̀ lọ fún ìtúnkún. Ẹ wo ìdí ẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ wá wo ẹnu hóòsì, àwọn agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, mo ti fi ìṣó gbẹ́ amọ̀ gbígbẹ jáde lẹ́nu hóòsì tí géèjì ẹ̀ ń sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Tó bá jẹ́ oní páúdà, ẹ dorí ẹ̀ kodò, ẹ gbé etí sí i, ẹ yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ bí páúdà ṣe ń ṣàn wálẹ̀ ṣàà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ gbì kan ṣoṣo, tàbí tẹ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ó ti di òkúta nínú, èyí tó bá dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó ń mì í máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún kí wọ́n da páúdà ẹ̀ nù kí wọ́n kún un lọ́tun. Kẹ́ ẹ dúró ti ẹni tó bá ń kún un o, àwọn míì kàn ń nù ún, wọ́n á lẹ bébà tuntun mọ́ ọn, wọ́n á gbowó. Láti ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ọjọ́ orí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi owó ìtúnkún wé owó tuntun, ó ṣeé ṣe kí tuntun dín ìyọnu kù.

Ìnáwó yìí, tí mo bá jẹ́ yín, àlámù mẹ́rin ni màá kọ́kọ́ rà, wẹ́dà ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni oní fóòmù kan àti CO2 kan fún ṣọ́ọ̀bù, búláńkẹ́ẹ̀tì fún kíṣìnnì òkè, ìdérí páànù fún ìyá alákàrà, ẹ lè kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì ẹ̀ tó bá fẹ́ san owó ilé tuntun. Kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà 112 sórí fóònù gbogbo wọn, Èkó ní 767 pẹ̀lú, kẹ́ ẹ tún lọ gba nọ́ńbà ibùdó panápaná tó súnmọ́ yín jù, torí wọ́n á béèrè pé ẹ̀gbẹ́ ibo lẹ wà. Panápaná kì í gbowó kí wọ́n tó paná, ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìyẹn fi ìpè falẹ̀. Wọ́n lè má tètè dé, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà lójú títì, iná tó jó ọjà Balogun l'Ékòó ní November 2019, ojú wa ló ṣe, ọkọ̀ wọn ò ráyè wọlé bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ti àlámù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ínfátà ló kù. Bátìrì olómi máa ń tú gáàsì kan tó ń gbiná jáde nígbà tó bá ń gba iná, ó nílò afẹ́fẹ́, abẹ́ àtẹ̀gùn sì há. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá ti gbiná gan-an, kò sí ẹstíńgúíṣà kankan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa pa á, ẹ jáde ni. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, gbígbé e kúrò níbẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ni mo fẹ́, wáyà á gùn sí i, ẹ ó sanwó díẹ̀, kí oníṣẹ́ iná tún mú gbogbo nọ́ọ̀tì ojú bátìrì le, torí ibi tí wáyà bá ti dẹ̀ ló ti ń gbóná. Tí kò bá ṣeé gbé, a lè fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì dí i kúrò lára àtẹ̀gùn, kó ṣílẹ̀kùn síta dípò inú ilé, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ bóyá ilé yín gbà á láìrí i. Ẹ ya fọ́tò abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ránṣẹ́, kẹ́ ẹ ya èyí tó fi mítà hàn àti èyí tó fi ẹ̀yìn ògiri ẹ̀ níta hàn, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì fún mi.